Gbóyèga, Olórí Ẹgbẹ̀rún Ó Dín Ẹyọ Kan

Ẹ yàgò lọ́nà! Ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀, ẹ gbé àga kúrò lójú títì, Gbóyèga ọmọ Ajíbádé ń bọ̀, akọni tí fóònù kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, arẹwà tó ń rẹ́rìn-ín sí dígí kí dígí tó rẹ́rìn-ín sí i. Ìran ńlá ló ti wá. Bàbá rẹ̀ àgbà ló so aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ọwọ́ fún ọdún mọ́kànlá, tó sì ń sọ iye tí aago lù fún gbogbo ẹni tó bá bi í, láì bẹ̀rù Ọlọ́run. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló gbé rédíò tí kò ní bátìrì lé èjìká, tó fi yí gbogbo Ìrágbìjí po, tó ń mi orí sí orin tí òun nìkan ń gbọ́. Ìran tó bí irú àwọn wọ̀nyí, kí ló tún kù kó bí, bí kò ṣe ínfúlúẹ́ńsà?

Ẹ má pè é ní oníkọ́ńtẹ́ǹtì o, inú á bí i. Kò dín ní ìgbà ogún tó ti ṣàlàyé fún wa létí kànga pé alágbàṣe lásán ni àwọn oníkọ́ńtẹ́ǹtì: wọ́n á se ọbẹ̀, wọ́n á rán aṣọ, wọ́n á tú ẹ̀rọ palẹ̀, òógùn á bò wọ́n, kí wọ́n tó rí fídíò kan gbé jáde. Ṣùgbọ́n ínfúlúẹ́ńsà, ọba ni. Kì í ṣe nǹkan kan. Á kàn wọ awò dúdú, á dúró, ọmọ aráyé á sì máa ṣe ohun tó bá pa láṣẹ. Àwa gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó pàṣẹ pé ká máa fi omi gbígbóná wẹ̀ lọ́sàn-án gangan; òun nìkan ló ṣe é, ó sì bó o léjìká.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ ìyàwó. Morádéyọ̀ ni Gbóyèga fẹ́, ó fẹ́ ẹ dénú, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ ẹ, àmọ́ ó ti sọ pé òun kò ní gba ojú fèrèsé jáde nílé bàbá òun nítorí ọkùnrin kankan. Bàbá náà ni Ọ̀gá Fábùnmi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó bi Gbóyèga léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, akọni ní òun ń darí èrò àwọn ọmọlẹ́yìn òun lórí fóònù. Bàbá ní kò burú, pé nílé-ìwé tòun, ẹni tó bá ní òun ní ọmọlẹ́yìn, kíka là á kà wọ́n.

“Mú ẹgbẹ̀rún kan wá lọ́jọ́ Àìkú kí n fojú ara mi rí i. Bí kò bá pé, má padà wá mọ́.”

Gbóyèga gbéra ogun. Ó bẹ ará, ó bẹ ọ̀rẹ́, ó bẹ onígbàjámọ̀, ó bẹ ẹni tó jí bàtà rẹ̀ nígbà kan rí, pé kí wọ́n tẹ̀lé òun lórí fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún ó dín ẹyọ kan. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn kò wá láti ibì kankan.

Ó wá ku ẹnì kan nínú ẹbí tó ní fóònù tí kò tíì bẹ̀: Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ṣe irú. Ọdún méjì ni akọni kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní òórùn irú á ba orúkọ òun jẹ́. Lọ́jọ́ yìí, orúkọ fara mọ́ òórùn. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó wọ bàtà funfun, ó wọ àgbàlá ìyá náà, ó tẹ́ áńkáṣífù sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lé e lórí.

Ìyá ń sẹ́ irú, ó gbé fóònù rẹ̀ ti agolo mílíìkì òfìfo. Gbóyèga bẹjú wò ó, ẹnu rẹ̀ kò sì padé mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún èèyàn ló ń wo fídíò Ìyá Àṣàbí, níbi tó ti ń se irú, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń wé e sínú ewé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ṣí ìkànnì náà fún un. Ìyá ní òun ti ń rí nọ́ńbà yẹn, òun rò pé ọjọ́ tí òun ti lò láyé ni wọ́n ń bá òun kà.

Gbóyèga ro ẹjọ́ rẹ̀, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó na ọwọ́ sí ọpọ́n ńlá tó kún fún irú tó sè mọ́jú, ó sì fi oríkì pè é.

“Àkànní, mi ò mọ ohun tí ò ń ṣe, àmọ́ mo mọ ohun tí èmi ń ṣe. Bọ́ bàtà, fi ọṣẹ wẹ ẹsẹ̀, bá mi tẹ èèpo yìí kúrò. Bí o bá ṣe tèmi, màá ṣe tìẹ.”

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké! Gbóyèga ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú ọpọ́n, ó sì gbógun ti irú. Ó tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì. Omi dúdú ta sí aṣọ funfun ara rẹ̀, ó yọ̀, ó di òpó mú, ó tún dìde. Ó ké pe bàbá rẹ̀ àgbà pé aago mélòó ló lù. Wákàtí kan gbáko ló fi jà kí èèpo tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìyá nu ìka sí ìró, ó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan, ọmọlẹ́yìn Gbóyèga sì pé ẹgbẹ̀rún. Ariwo tó pa lé gbogbo adìyẹ kúrò lágbàlá.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù rẹ̀ wọlé Ọ̀gá Fábùnmi bí ẹni gbé oyè. Bàbá kò wò ó. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fídíò Ìyá Àṣàbí ni bàbá yìí fi ń kọ́ ọbẹ̀ sísè, kì í fo ọ̀kan. Fóònù tirẹ̀ ló nà sí Gbóyèga lójú. Ẹsẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀ nínú ọpọ́n, tí wọ́n ń tẹ irú. Fóònù Ìyá tó fara ti agolo ló ya gbogbo rẹ̀ lánàá.

“Ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?”

Ojú ti akọni, ó fi ẹsẹ̀ kan pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Morádéyọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló dá a lóhùn.

“Òun ló ni ín, Bàbá.”

Bàbá wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó ní wákàtí kan gbáko ni ẹlẹ́sẹ̀ yìí fi tẹ irú, kò sì sá. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún un.

Nítorí náà, kí tòkè-tilẹ̀ gbọ́, kí Ìrágbìjí gbọ́, kí àwọn tó jìnnà sí wa gbọ́: Gbóyèga ọmọ Ajíbádé ti ṣẹ́gun! Kò sẹ́ni tó ka ẹgbẹ̀rún náà títí di òní. Títí ọjọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò máa wọ ọpọ́n, nítorí àna rẹ̀ ní òun á máa wò. Àmọ́ ó ti ṣàlàyé fún wa létí kànga pé agbára ínfúlúẹ́ńsà ni òun fi gba ìyàwó. Àwa gbà bẹ́ẹ̀. A kàn ní kó jọ̀ọ́, kó sún sẹ́yìn díẹ̀, òórùn irú ti pọ̀ jù lára rẹ̀.