Alága Tó Di Ọmọdébìnrin

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòsàn kékeré wa, ẹ lè má tètè rí dókítà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí Alága. Àwòrán rẹ̀ mẹ́rin wà lára ògiri ibi ìforúkọsílẹ̀, méjì wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, ọ̀kan sì dojú kọ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Alága Fọ́tò là ń pè é, ọ̀rẹ́ kámẹ́rà, àfẹ́sọ́nà dígí! Bí wọ́n bá ń ya òkú ní fọ́tò, yóò bẹ òkú kó sún díẹ̀.

Kì í ṣe dókítà o. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ni. Síbẹ̀, ó ní kóòtù funfun, ó sì fi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbé sí àyà gan-an ló máa ń gbé sí etí.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ̀ fún àwọn ọmọdébìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ọgọ́rin abẹ́rẹ́ péré ni, ọgọ́rin ọmọ sì ni nọ́ọ̀sì àgbà ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní àwòrán ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á ni wọn yóò tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀.

Kàlẹ́ńdà! Alága kò gbọ́ ìyókù mọ́.

“Nọ́ọ̀sì, èmi ni màá kọ́kọ́ gbà á.”

“Alága, ọmọdébìnrin ló wà fún. Ọrùn ilé ọmọ ló ń dáàbò bò.”

“Ṣé èmi ò lọ́rùn ni?”

“Ọrùn *ilé ọmọ* ni mo wí, sà.”

“Ilé mẹ́ta ni mo kọ́ fún àwọn ọmọ mi! Ta ló tún nílé ọmọ jù mí lọ níbí?”

Nọ́ọ̀sì wo òkè, ó wo ilẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí ẹ bá gba ọ̀kan, ọmọ kan ò ní í rí gbà.”

“Ta ló kẹ́yìn nínú ìwé?”

“Ọmọ agbálẹ̀ wa.”

“Ehn-ehn! Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kàlẹ́ńdà kì í dúró de ọmọ agbálẹ̀.”

Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń nu fèrèsé. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló pa ìyá tó bí i. Fèrèsé kan ṣoṣo yẹn ló nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ jẹun, Alága yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ó fagi lé orúkọ ọmọ agbálẹ̀, ó sì kọ tirẹ̀ sókè pátápátá. Ọjọ́ orí? Ó ronú, ó kọ mọ́kànlá. Akọ tàbí abo? Ó bojú wẹ̀yìn, ó kọ abo. Òbí? Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó sì ránṣẹ́ sí i: “Mọ́mì, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe fẹ́ yẹ́ mi sí.”

Ọjọ́ pé. Èrò kún gbọ̀ngàn. Dókítà obìnrin tí wọ́n rán wá láti olú ilé iṣẹ́ ìlera, níbi tí wọ́n ti ń yan alága, ṣí ìwé, ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

“Ẹni kìíní: ọmọdébìnrin, ọdún mọ́kànlá. Ọmọ wa dà?”

Alága dìde, ó gbé àgbọ̀n sí kámẹ́rà.

“Bàbá, ẹ jókòó. Ọmọ náà ni mò ń pè.”

“Èmi náà ni.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sáré fi ikọ́ bò ó. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

“Bàbá, ìwé ìjọba nìyí. Ẹni tó bá parọ́ sínú rẹ̀, ọlọ́pàá ló máa dá lóhùn. Ṣé ẹ parọ́ ni, àbí ọmọdébìnrin ni yín?”

Alága wo ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé ọkọ̀ abẹ́rẹ́ wá dúró níbẹ̀ gbọn-in. Òógùn bo aṣọ. Ó wá fi ohùn tín-ín-rín sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ:

“Ọmọdébìnrin ni mí, mà.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé! Nọ́ọ̀sì dorí kọ tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò lè jẹ́ alága. Nọ́ọ̀sì àgbà, ẹ gba ipò náà. Ẹ bọ́ kóòtù ọlọ́kóòtù lọ́rùn ọmọ náà. Ìwọ, na apá.”

Bí Alága ṣe rí ẹnu abẹ́rẹ́, ó ké “Mọ́mì!” ó sì fò sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Ó ti kọ̀ ọ́,” ni dókítà wí. “Orúkọ ta ni wọ́n fagi lé níbí?”

Ọmọ agbálẹ̀ bọ́ síwájú. Ó jókòó, ó na apá, ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

“Ṣé ó máa dùn mí?” ló bi nọ́ọ̀sì.

“Ó ti tán.”

Ìyá rẹ̀ kò mọ̀gbà tó fi aṣọ ìnulẹ̀ nu ojú.

Ìyá Alága ní tirẹ̀ di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń fà á lọ láàárín èrò.

“Ẹ bá mi forí jì í, ẹ̀yin èèyàn mi,” ló ń wí. “Ọmọdé ni.”