Òfin Orí-Àpáta Lórí Ọtí Tí Yóò Bá Oúnjẹ Kérésì Rìn

Kóún! Kóún! Kóún!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Orí-Àpáta, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró. Ẹni tó ń sùn, kó dìde jókòó. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sinmi díẹ̀ kó gbọ́ tèmi, ìjà náà ò ní lọ síbì kankan!

Baálẹ̀ ló rán mi. Èmi Lákànlé alágogo ni mo ń sọ̀rọ̀. Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti òní lọ, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mu ọtí tó wù ú pẹ̀lú oúnjẹ tó wù ú mọ́. Mo tún un sọ! Ọtí tó wù ú pẹ̀lú oúnjẹ tó wù ú, ó ti parí! Ìlú ti yan ọtí fún oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń yan ìyàwó fún ọkọ.

Ẹ má fajú ro sí mi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Kérésì èṣí, àwọn àna wa láti Ìdí-Ọsàn wá tọrọ Ìbídùn, ọmọ mi, fún Akínkúnmi ọmọ wọn. Iyán ti délẹ̀. Ẹran ti délẹ̀. Bọ́ládé, ọmọ àbúrò Baálẹ̀ tó ń gbé Èkó, gbé wáìnì pupa kalẹ̀. Ìgò rẹ̀ ń dán, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. A bù ú fún olórí àwọn àna, Bàbá Ọ̀ṣúnníyì. Wọ́n fi kan ẹnu. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ó ti kan! Wọ́n ní ṣé ẹmu kíkan ni wọ́n ń gbé fún àna ní Orí-Àpáta? Ta ni ò sì mọ̀ pé àlejò tí wọn ò fẹ́ ni wọ́n ń bu ẹmu kíkan fún? Bọ́ládé ń pariwo pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé àwọn olówó gan-an ló ń mu ún. Àwọn àna ò dúró gbọ́ ọ. Wọ́n gbé fìlà wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọ́n ti dé títì kí iyán tó tutù.

Látìgbà yẹn, Ìbídùn kì í bá mi ṣeré mọ́. Ọjọ́ Kérésì yìí ni wọ́n ń padà bọ̀. Baálẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí ẹnu fi bó. Bó bá tún bàjẹ́, wọn ò ní yọjú síbí mọ́ láéláé. Nítorí náà, ẹ tẹ́tí!

Òfin kìíní! Ìrẹsì àti adìyẹ, ẹmu òwúrọ̀ ni. Ẹmu tí oòrùn ò tíì rí. Tó bá ti di ọ̀sán, kó má dé ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì mọ́! Ẹni tó bá fi ẹmu ìrọ̀lẹ́ ti ìrẹsì sọ́nà ọ̀fun, ìrẹsì lásán ni yóò máa jẹ títí wọ ọdún tuntun, a ó sì fi í jókòó síwájú ẹni tó ń jẹ itan adìyẹ.

Òfin kejì! Iyán àti ẹran ìgbẹ́, ògùrọ̀ ni. Ògùrọ̀ tó ń ho, tó ń ta ni létè. Ẹ̀yin adẹ́mu, Baálẹ̀ ní kí n wo ojú yín dáadáa kí n tó sọ èyí. Mo ti wò ó. Ẹni tó bá bu omi sí ògùrọ̀, irú omi náà la ó fi wẹ̀ ẹ́ lójú ọjà, a ò sì ní fún un ní ọṣẹ!

Òfin kẹta, mọ́ínmọ́ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi níbí. Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbìmọ̀ ká. Ìyálóde ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni. Balógun ní sóbò ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ń dán an wò fi tán, kò sì sẹ́ni tó gbà pé òun lòún jẹ ẹ́. Ìdájọ́ Baálẹ̀ rèé: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mọ́ínmọ́ín tí kò ní ẹyin nínú, omi kànga. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín o! Ìyá Mojí, mo rí yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn! Ọ̀rọ̀ ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín!

Òfin kẹrin! Wáìnì pupa! Bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ń bọ̀. Bọ́ládé ti ra òmíràn, Baálẹ̀ ò sì lè kọ̀ ọ́, torí wọ́n fẹ́ràn ìgò rẹ̀, òun ni ìyàwó wọn fi ń rọ epo. Àsun nìkan ló gbọdọ̀ bá a rìn, kí ata má jẹ́ kí ahọ́n ráyè yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bu ṣúgà sí i. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e kaná. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sẹ́ ẹ bí ògì! Kí a tó ṣí i, a ó kọ́kọ́ fi í han àlejò, a ó sì ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé bó ṣe kan láti ilé rẹ̀ nìyí, kò bàjẹ́, kí wọ́n má bínú. Ará ìlú tó bá la ẹnu pé ó ti kan lójú àna, òun nìkan ni yóò mu ìgò náà tán, lórí ìdúró, láìsí ẹran!

Òfin karùn-ún! Èyí ni bàbá gbogbo wọn. Ẹni tó bu ọtí ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo tún un sọ! Ẹni tó bu ọtí ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò! Àṣà wa ni. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ìgò tó ń dán gbà wá lójú, gbogbo wa gbàgbé. Ká ní ẹnì kan tọ́ ọ wò ni, ojú tirẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ fún pọ̀. À bá rẹ́rìn-ín, àwọn àna ì bá rẹ́rìn-ín, Ìbídùn ì bá sì ti wà nílé ọkọ. Ẹni tó bá gbàgbé lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé Ìdí-Ọsàn. Yóò dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà ibẹ̀, yóò sì kí ajá wọn pẹ̀lú!

Ó tán! Baálẹ̀ ló sọ ọ́, ẹnu mi ló gbé e wá, etí yín ló gbà á!

Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì lọ. Mo gbé agogo sílẹ̀. Èyí tó kù yìí, Baálẹ̀ kọ́ ló rán mi.

Ìbídùn bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní bí wọ́n bínú, bí wọn ò bínú, òun ti di ẹrù òun, òun ń bá Akínkúnmi lọ. Kò pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo mọ ọmọ mi, yóò lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe pé kò ní rọ́kọ fẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé yóò gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá láìjẹ́ pé mo gbọ́wọ́ lé e lórí. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kó kúnlẹ̀ níwájú mi, kí n súre fún un, kí n sunkún díẹ̀, kí gbogbo yín máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Baálẹ̀ pé èmi ni kí n bu ọtí lọ́jọ́ náà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ máa wò mí lójú. Bó bá dùn, n ó rẹ́rìn-ín. Bó bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, n ó rẹ́rìn-ín. Ẹ dákun, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín!

Kóún! Mo ti gbé agogo mi o! Ó di ilé kejì! Ẹni tó ń jẹun, kó máa jẹ òkèlè rẹ̀ lọ!