Bí Láṣebìkan Àmọ̀ó Ṣe Ṣẹ́gun Ohun Tó Ń Kùn Nínú Yàrá Ẹrù

Ìwọ tó ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún ọ o. Bí o bá jókòó sílé rẹ lọ́sàn-án gangan, tí o gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn "hùùùn" níbi tí ojú rẹ kò tó, má dìde. Jókòó síbẹ̀. Fa ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sórí àga, kí o sì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìwọ kì í ṣe Láṣebìkan. Ohun tí Láṣebìkan ṣe ní Agboolé Ajíbógun nílùú Ẹ̀jìgbò, kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló lè ṣe é kó sì tún jókòó jẹun alẹ́. Àní òun alára, kò dá mi lójú pé ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láṣebìkan Àmọ̀ó! Ọmọ Ògúnsínà tó dúró lójú fèrèsé bá òjò jà títí òjò fi dá! Ọmọ ọmọ Adégòkè tí àgbò kàn lọ́jà Ìwó, tí kò sì ṣubú àfi ìgbà tó délé! Ọmọ àwọn tó rí ogun lókèèrè, tí wọ́n sì tètè wá sọ fáwọn ará ilé! Ọkọ Múìnátù, a-dúró-lẹ́yìn-ilẹ̀kùn-bí-òpó, a-gbọ́-ariwo-má-sá-láìkọ́kọ́-wo-ọ̀nà, erin tí í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, ẹkùn tí í tẹ ilẹ̀ wò kó tó fò, ọkùnrin tí irunmú rẹ̀ gbòòrò bí ọwọ̀ tuntun tó fi jẹ́ pé bó bá mu ẹ̀kọ, ìdajì ẹ̀kọ náà ni kì í dé ọ̀fun! Òun ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìbídùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n Láṣebìkan, ń lọ sílé ọkọ, ìdáná rẹ̀ sì ku ọ̀la. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, nítorí náà Láṣebìkan, bàbá kékeré, ni wọ́n máa gbé jókòó sórí àga bàbá ìyàwó. Ṣakí ni àwọn àna ti ń bọ̀. Ọ̀nà jìn, wọ́n sì ti kó ẹrù ìdáná ṣíwájú nínú ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀: iṣu, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, àti oyin. Àwọn ará Ṣakí yìí kì í rọ oyin ìyàwó sínú ìgò bí àwọn ẹlòmíràn. Inú akèrègbè ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, wọ́n á gbé e sínú agbọ̀n, wọ́n á fi aṣọ funfun di agbọ̀n náà yíká, ọrùn akèrègbè nìkan ló máa yọrí síta bí ẹni tó ń yọjú wo ọ̀nà.

Ní Agboolé Ajíbógun, ọkùnrin kan kò gbọdọ̀ tú ẹrù ìdáná. Àwọn ìyàwó ilé ló ń tú u, Ìyá Wúràọlá, ìyáálé gbogbo wọn, á sì máa ṣáájú. Kó tó di ọjọ́ náà, inú yàrá olóògbé ni wọ́n ti ẹrù mọ́, ọwọ́ Láṣebìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ó ṣọ́ ẹrù náà! Áà, ẹ̀ṣọ́ wà, ẹ̀ṣọ́ jùra wọn lọ! Lójoojúmọ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ń sun oorun ọ̀sán, akọni yìí á yọ́ kẹ́lẹ́ wọ inú yàrá náà, á tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, á bẹ ẹrù wò pẹ̀lú sùúrù, á sì jáde tí yóò máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irunmú rẹ̀ bí ọ̀gágun tó ti ojú ìjà bọ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Ta ló máa máa bi ẹ̀ṣọ́ léèrè ohun tó fojú rí lẹ́nu iṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ títí di ọjọ́ tí ìdáná ku ọ̀la yìí, tí ohun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Múìnátù ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Kúbúrà, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Hùùùn.

"Èyí tí ẹ ò gbọ́ yẹn ńkọ́?"

Láṣebìkan ti wà lórí àga nígbà yẹn. Kì í ṣe pé ó jókòó lé e. Ó dúró lé e, kó lè máa wo ibi gbogbo láti òkè gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ọ̀gágun.

Ìyá Wúràọlá jáde síta, ó tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní, "Bí àwọn àna bá dé lọ́la tí wọ́n gbọ́ èyí, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé bàbá Ìbídùn ló ń kọ̀ láti inú sàréè. Ta ló máa fẹ́ ọmọ nínú ilé tó ń kùn? Bí nǹkan yìí ò bá dákẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, màá tẹ àwọn ará Ṣakí láago pé kí wọ́n má wulẹ̀ gbéra."

Ìbídùn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti lé làálì sọ́wọ́, làálì náà ò tíì gbẹ, kò lè nu ojú ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ dákun. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Láṣebìkan lára. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó dé abọ́ irin sórí gẹ́gẹ́ bí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ṣe ń dé akoto. Ó mú ọmọrogùn lọ́wọ́ ọ̀tún, idà tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí àfi kókó inú ọkà. Ó mú iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì, ó sì tàn án, oòrùn ọ̀sán sì wà lókè tó ń ràn bí iná. Báyìí ni ó ṣe gbéra, ìgbésẹ̀ kan síwájú, ìdajì ìgbésẹ̀ sẹ́yìn, tí ilẹ̀ kò mì tìtì nítorí pé ó rọra ń tẹ̀ ẹ́.

Ó kọ́kọ́ kọlu fìríìjì, ẹranko funfun ńlá tí wọ́n ń kó bàtà sí láti ìgbà tó ti kọ̀ láti tutù. Ó gbé etí lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ké sí i pé kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Fìríìjì kò dáhùn, ó dákẹ́ bí ìlú tí a ti kó lógun. Láṣebìkan fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ó kọjú sí aago ara ògiri, aago sì ń sọ "kọ́, kọ́, kọ́" jẹ́jẹ́, ó fi hàn án pé kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà ló dé ìdí dúrọ́ọ̀mù omi tó ti gbẹ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ti orí bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ irin lórí, ó mí, dúrọ́ọ̀mù mí, ó kígbe "Ta nìyẹn?", dúrọ́ọ̀mù kígbe "Ta nìyẹn?", ó ní "Èmi ni Láṣebìkan!", ohùn ńlá kan sì dá a lóhùn láti inú òkùnkùn pé òun náà ni Láṣebìkan. Ọkùnrin mìíràn ì bá ti kú síbẹ̀. Òun kàn sá dé ojúbodè ni, ó sì padà wá nígbà tó rí i pé ọmọrogùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Múìnátù ti gbé etí lé ògiri ní gbogbo ìgbà yìí. Ó ní, "Inú yàrá ẹrù ni."

"Kò lè jẹ́ ibẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣebí èmi ni mò ń ṣọ́ ọ."

"Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń bi yín."

Kọ́kọ́rọ́ wá di àwátì. Láṣebìkan wá a lápò ọ̀tún, ó wá a lápò òsì, ó wá a nínú fìlà tí kò dé, ó wá a pẹ̀lú ọwọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí i lójú oorun, títí Múìnátù fi na ọwọ́ sí i lọ́rùn, tó fa okùn tí kọ́kọ́rọ́ so mọ́ jáde. Wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Hùùùùùn!

Kíkùn náà jinlẹ̀, ó wúwo, ó ń mi ètè ẹni tó bá ya ẹnu. Láti inú agbọ̀n oyin ló ti ń wá. Àwọn ìyàwó ilé tó tẹ̀lé wọn fẹ̀yìn rìn padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Múìnátù nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa ìdì ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ jáde, àwọn tó ní ihò láàárín tí àwọn ọmọdé fi ń fa omi mu. Òmíràn ti gbẹ, òmíràn ṣì tutù.

"Kí lèyí?"

"Oògùn ibà ni," ni Láṣebìkan wí.

"Ta ni ibà ń ṣe?"

Akọni náà gbé iná tọ́ọ̀ṣì sókè àjà, ó ń wo ibẹ̀ gidigidi.

Ìyá Wúràọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ìyáálé tú aṣọ funfun. Akèrègbè jókòó síbẹ̀ ràbàtà, ṣùkù àgbàdo tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ń kùn bí ẹni tí ebi ń pa. Kò sí obìnrin kan tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Lókè ní mọ́sálááṣí, ladánì ti ń wúkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń tún ọ̀fun ṣe.

Láṣebìkan ní, "Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, èmi nìkan. Ogun ọkùnrin nìyí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dúró sílé."

"Rárá o," ni Ìyá Wúràọlá wí, ó fi orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé sọ Láṣebìkan pè é. "Ìṣojú gbogbo wa ni, Dúdúyẹmí ọkọ mi. Bó bá jẹ́ olóògbé ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ló ń bá wí."

Òógùn bo Láṣebìkan. Ó wo akèrègbè. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà sì kún fún obìnrin. Ó wo Ìbídùn tó gbé ọwọ́ làálì méjèèjì sókè bí ẹni tó ń ṣàdúà, tí omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀ láìsí ẹni tó nù ún. Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà, mi ò rò pé ti òkú ni. Ẹ̀rù kan tó wúwo ju ti òkú lọ ni. Síbẹ̀, ó ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ju ọmọrogùn sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá akèrègbè mú lọ́rùn.

Ó gbé e sókè fẹ́rẹ́. Ó fúyẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló yà lẹ́nu bó ṣe fúyẹ́, àfi ẹni tó gbé e.

Ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ̀n ọ́n bí ìjì ṣe ń gbọn igi ìrókò, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ayé jáde nínú rẹ̀, nǹkan kan sì já bọ́ sílẹ̀: pó! Ọ̀bọ̀n-ùn bọn-ùn kan, kòkòrò dúdú, kò tó àtàǹpàkò, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń fi ẹsẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọ̀run. Láṣebìkan kígbe ogun. Ó ṣí abọ́ irin lórí, ó fò, bẹ́ẹ̀ ni, ó fò sókè fúnra rẹ̀, ó sì dé abọ́ náà bo ọ̀tá mọ́lẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni ladánì ti gbé ohùn sókè, tó pe ìrun Àsárì.

"Kì í ṣe olóògbé," ni Ìyá Wúràọlá wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Kòkòrò ni. Ìdáná dúró."

Àwọn obìnrin hó yèè. Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Wọ́n kí akọni, wọ́n kì í, wọ́n pe Ògúnsínà, wọ́n pe Adégòkè àti àgbò tó kàn án. Láṣebìkan dìde lórí abọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, ó na ọwọ́ sí igun mẹ́rin yàrá, ó sì kéde:

"Ẹ̀yin ará Agboolé Ajíbógun, àti ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò lápapọ̀! Ẹ sọ fún Ṣakí kí ó máa bọ̀! Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá kùn nínú ilé yìí, ìbáà wà nínú àjà, ìbáà wà nínú ilẹ̀, ìbáà wà nínú akèrègbè, èmi Láṣebìkan Àmọ̀ó ni yóò pa á lẹ́nu mọ́! Mo ti sọ ọ́!"

Wọ́n tún hó. Ìgbà tí wọ́n hó tán ni Ìbídùn tẹjú mọ́ akèrègbè tí Láṣebìkan jù sílẹ̀. Ẹ̀kán oyin kan rọra yọ lẹ́nu rẹ̀, ó rọ̀ díẹ̀, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Kékeré," ó ní, "oyin wa dà?"

Múìnátù wo ìdì ọ̀pá ìbẹ́pẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èèrà kan, ẹyọ kan péré, jáde láti inú irunmú akọni, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ sí ìdí etí bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé.

"Múìnátù, wá ẹni tó máa ta oyin fún wa kí ilẹ̀ tó ṣú," ni Ìyá Wúràọlá wí jẹ́jẹ́. "Akèrègbè yẹn gbọ́dọ̀ kún kí àwọn àna tó dé." Ó wá yíjú padà. "Dúdúyẹmí, ọkọ mi, ọkọ mi àtàtà. Oyin yìí, ta ló mu ún?"

Láṣebìkan fi ọwọ́ bo irunmú.

"Ẹ ní kí nǹkan dákẹ́ nílé yìí," ó ní láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà, "ó sì ti dákẹ́. Mi ò ní í sọ nǹkan kan mọ́."