Ṣáàfù Tí Mo Wò Tí Wọ́n Gé Kúrú

Ọjọ́ tí mo ti gbàgbé láyé mi pọ̀, ṣùgbọ́n Sọ́ńdè tí ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá mi há sẹ́nu géètì, tí ìdajì rẹ̀ wà nínú, tí ìdajì wà níta, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. N ò rò pé yóò kúrò.

Ẹ̀gán, nítòsí Ìgàndò, là ń gbé nígbà náà, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Wálé, ẹ̀gbọ́n mi, nínú yàrá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ títún ara ọkọ̀ tó bá forí gbárí ṣe ni bọ̀ọ̀dá mi ń ṣe. Wọ́n rí àwòrán ọkọ̀ eré ìje ayé àtijọ́ kan, wọ́n ní àwọn náà máa fọwọ́ ara àwọn ṣe irú ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń jó páìpù mọ́ páìpù nínú ọgbà ilé. Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí. Bàbá onílé fara dà á títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á pe àwọn tó ń ra àlòkù irin kí wọ́n wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ohun tó kù kò ju ṣáàfù méjì lọ, irin gbọọrọ tó ń gba agbára lọ́wọ́ gíáàbọ́ọ̀sì fún táyà ẹ̀yìn. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá gùn jù fún ọkọ̀ wa, a ní láti gé e láàárín, ká tún jó o pọ̀. Ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi tóbi, kò wọ àárín páìpù wọ̀nyẹn, ni wọ́n bá pè mí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́, torí mi ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo na téèpù mi láti ẹnu gíáàbọ́ọ̀sì dé ìdí táyà, lápá méjèèjì. Ínǹṣì méjìdínlógún ni. Mo kọ mọ́kàndínlógún sínú ìwé pélébé kan. Kì í ṣe pé n ò mọ̀ ọ́n kà o. Ọ̀gá mi ló ti fi rúlà kọ́ ọwọ́ mi pé a kì í wọn aṣọ ká má fi ínǹṣì kan lé e, nítorí ọjọ́ tí oníbàárà bá sanra.

Inú kẹ̀kẹ́ márúwá ni mo wà, tí mò ń lọ sí Akówonjo, ṣáàfù méjèèjì nínú àpò ìrẹsì lórí itan mi, kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé irin kì í sanra. Mo fa bírò yọ, mo fi ìlà pa mọ́kàndínlógún, mo kọ méjìdínlógún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnì kankan ò ní mọ̀.

Bàbá Mùtíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ni mo gbé e lọ fún. Ọkùnrin mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, mi ò gbójú sókè. Bàbá wo ìwé náà, wọ́n wo téèpù tó wà lọ́rùn mi.

“Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Iṣẹ́ télọ̀ lò ń kọ́, àbí?”

Mo tún mi orí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún sára irin. Mo rí i. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín? Mo rí i kedere. Mo ní ta ni èmi, tí n ó máa kọ́ àgbàlagbà níṣẹ́ irin lójú ọkùnrin mẹ́rin? Bóyá ibi tí wọ́n á ti jó o pọ̀ ló máa dí èyí tó dín. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n gé ṣáàfù méjèèjì, wọ́n jó ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ padà, mo sì gbé wọn relé.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, a fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Ṣáàfù wọlé wẹ́rẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi yìn mí, wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́, kò tiẹ̀ há rárá. Èmi mọ̀ pé ó yẹ kó há díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo lọ pọnmi.

Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀. Gbogbo ayálégbé jáde. Ìyá Ṣèyí, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ń gbàdúrà fún ọkọ̀ náà bí ẹni ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ. Ó sì rìn lóòótọ́. Ó kọjá ìdí kànga, ó kọjá lábẹ́ okùn aṣọ, ó sì wọ́ ṣòkòtò ẹnì kan lọ. Táyà iwájú jáde ní géètì. Táyà ẹ̀yìn já sínú kòtò ẹnu ọ̀nà, a sì gbọ́ gbàù. Ṣáàfù ti yọ lẹ́nu gíáàbọ́ọ̀sì, ọ́ìlì ń dà ṣọ̀ọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ ò lọ síbì kan mọ́. Àkókò yẹn gan-an ni bàbá onílé ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn ò sì rí ọ̀nà wọlé.

Bọ̀ọ̀dá mi ní ọkọ̀ ti jáde, kí bàbá wo táyà iwájú. Bàbá onílé ní ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà, ibi tí ìdí ẹni bá sì wà lẹni ń gbé. Àwọn ayálégbé pín sí méjì, oníkálukú ń dá ẹjọ́ tirẹ̀. Bàbá ní Wálé ò mọ iṣẹ́, ariwo lásán ló mọ̀, wọ́n fa fóònù yọ láti pe àwọn onírin. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó sínú ọ́ìlì yẹn, wọ́n gbé ṣáàfù lé ẹsẹ̀, wọ́n ní bóyá òótọ́ ni, bóyá àwọn ò mọ iṣẹ́.

Ìyẹn ni mi ò lè gbà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pè wọ́n,” ni mo wí. “Bọ̀ọ̀dá mi mọ iṣẹ́. Èmi ni mo rí i pé wọ́n ń gé e kúrú, tí mo panu mọ́.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá onílé gbé fóònù kúrò létí.

“Ìyá Ṣèyí, ṣé ọmọ yìí máa ń sọ̀rọ̀ ni? Ọdún mẹ́ta nìyí, odi ni mo pè é.”

Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà. Bàbá ní nítorí ohùn tí àwọn gbọ́ yìí, àwọn fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ bá àwọn yí ẹrù yìí kúrò lọ́nà. Tagbádá tagbádá ni wọ́n fi bá wa tì í. Ọ́ìlì tó wà lára agbádá funfun yẹn lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Nígbà tá a padà sọ́dọ̀ Bàbá Mùtíù ní Mọ́ńdè, wọ́n ní télọ̀ ni ìyàwó àwọn, àwọn mọ̀ pé télọ̀ kì í wọn nǹkan kó má fi ínǹṣì kan lé e, ìdí nìyẹn tí àwọn fi yọ ọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “O ò ṣe wí, ọmọ mi?” Wọ́n wá ṣáàfù àlòkù méjì mìíràn, wọ́n gé wọn bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ó gba títì Ìgàndò lọ, ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré tẹ̀ lé e.

Bọ̀ọ̀dá mi ti fẹ́yàwó báyìí, Àgbàdo ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ta ọkọ̀ náà. Àárò ọgbà yẹn máa ń sọ mí, àní títí kan òórùn irin tí wọ́n ń jó, tó máa ń mú mi sín nígbà yẹn. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ò pọ̀: ìtìjú tí mo sá fún lójú ọkùnrin mẹ́rin, ojú gbogbo àdúgbò ni mo ti wá jẹ ẹ́. Tí mo bá rántí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín o, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ fọwọ́ bojú ná.