Mo Bá Ewúrẹ́ Lọ sí Ìpàdé Rélùwéè

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo dé ibi ìpàdé rélùwéè ní Ìsẹ́yìn láti ẹ̀yìn lọ́rì, pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́jọ, tí ìwé tí wọ́n fi pè mí síbẹ̀ sì wà nínú ikùn ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ àwọn ológun nígbà náà. Èmi ni aṣojú ìwé ìròyìn kan ní Ṣakí. Oṣù mẹ́ta péré ni mo lò ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ sí i, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan yà ní Párísì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi yóò rò pé èmi ni mo gbẹ́ ihò tí ọkọ̀ ojú irin wọn ń gbà lábẹ́ ilẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo dé ni pé mo ta ọkọ̀ ìjàpá mi. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọ̀lẹ àti aláṣehàn ló ń ra ọkọ̀. Mo ní ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gá báńkì àti agbálẹ̀ ń di irin kan náà mú nínú ọkọ̀ kan náà. Mo ní ti Párísì tún gbádùn ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí táyà rọ́bà ni wọ́n fi sẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú tiwọn, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Mo ní tiwa tó ń gba Ìbàdàn kọjá lọ sí Òkè Ọya, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni. Mo wá fi Òkè-Ògùn kádìí ọ̀rọ̀ náà: ibi tí àwọn ènìyàn kò ti mọ irin mìíràn ju ọkọ́ àti àdá lọ.

Bàbá Ràfíù, àgbẹ̀ oníṣu tí mò ń gbé nílé rẹ̀, ní kí wọ́n ka ìwé náà sí òun létí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó ní, "Ó dáa. Òun tó ta ọkọ̀ yìí, ẹ̀yìn ta ni yóò máa gùn kiri?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Kí ni àgbẹ̀ mọ̀?

Kò pẹ́ ni lẹ́tà dé láti Ìbàdàn. Ọ̀gá ìjọba kan tó ń bójú tó ètò ìrìnnà ń bọ̀ wá bá gbogbo Òkè-Ògùn ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú Ìsẹ́yìn, ní aago méjìlá ọ̀sán Sátidé, lórí rélùwéè tí wọ́n fẹ́ là gba ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n fi ìwé ìpè mi há inú rẹ̀. Olóòtú mi kọ ọ̀rọ̀ sí ìdí lẹ́tà náà: "O ti fi rélùwéè dí wa létí tó. Bí ìròyìn yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kó ẹrù rẹ máa bọ̀. A ń wá ẹni tí yóò máa to ìkéde òkú."

Ọjọ́ Ajé ni mo ka lẹ́tà yìí. Ìyá Ràfíù, ìyàwó onílé mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Ìsẹ́yìn dé ni, ó ń gba àpò ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀ lórí lọ́rì.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ìgbà wo ni lọ́rì tún ń lọ Ìsẹ́yìn?"

"Ó di ọrún, tí ọjọ́ ọjà bá tún pé. Ìdájí ni wọ́n ń gbéra. Láàárín ọrún sí ọrún, ẹni tó bá rí ọkọ̀ kó ṣọpẹ́."

Mo na ìka mi. Ìṣẹ́gun, ọ̀kan. Ọjọ́rú, méjì. Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta. Ẹtì, mẹ́rin. Sátidé, márùn-ún! Ọjọ́ ìpàdé gan-an! Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé mi, mo fa ìlà méjì sí i nídìí.

"Ṣé kí n bá yín gba àyè sílẹ̀ lọ́dọ̀ dírẹ́bà?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá. Ẹni tó ka àkókò ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó yé e, ti lọ́rì ẹlẹ́wà kò lè rú u lójú."

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ó kan ilẹ̀kùn mi. "Ọ̀gá oníròyìn, ẹ ò lọ mọ́ ni?" Mo dá a lóhùn láti orí ibùsùn pé ọ̀la ni mò ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Mo fa aṣọ borí nítorí ọyẹ́. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò tilẹ̀ mọ ọjọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé fi máa mọ́, mo ti wà ní gáréèjì nínú kóòtù dúdú tí mo rà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ọkọ̀ kan. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ gáréèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ń ká ẹní rẹ̀.

"Bàbá, àwọn ọkọ̀ ọjà Ìsẹ́yìn dà?"

"Ọjà wo?"

"Òní ló pé ọrún, sà."

Ó wò mí pẹ́. "Ọjọ́ wo lo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

"Ìṣẹ́gun."

"Ajé tí wọ́n ná ọjà gan-an ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ kò mọ́ lọ́jọ́ yẹn ni?" Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń ká ìka fún mi bí ọmọ ilé kéwú. "Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀. Ẹtì. Àná lọjà, ó sì ti tú. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìbàdàn, sà."

"Háà. Mo rò pé Yorùbá làwọn ará Ìbàdàn."

Mo jókòó sórí táyà tó ti gbó kan, mo ń wo ojú ọ̀nà, mo ń ro ìkéde òkú. Aago mẹ́sàn-án lù kí lọ́rì kan tó yọ láti ọ̀nà Kíṣí. Iṣu àti ewúrẹ́ mẹ́jọ ló kó sẹ́yìn, ẹni tó ni wọ́n sì jókòó sáàárín wọn, Àlàájì onírùngbọ̀n funfun. Ó ní gbọ̀ngàn ìlú Ìsẹ́yìn gan-an ni òun ń lọ, pé méjì nínú ẹran náà ni ìlú rà láti fi ta àlejò ìjọba lọ́rẹ.

"Ṣé kò sí àyè níwájú, Àlàájì?"

"Ìyá ìyàwó mi ló wà níwájú. Ṣé kí n ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fún yín?"

Mo gun ẹ̀yìn. Bí eruku ṣe ń wọ̀ mí lẹ́nu tó, n kò pa ẹnu náà dé. Mo sọ ti Lọ́ńdọ̀nù fún Àlàájì, mo fi ti Párísì lé e. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yìí, ṣé ó ń gba ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ kẹ̀? Ènìyàn nìkan ni."

"Iṣu ńkọ́?"

"Kò gba iṣu."

"Kí wá ni àwọn ènìyàn náà ń lọ ṣe níbi tí wọ́n ń lọ?" Ó mi orí. "Èmi ti kó ẹran gun rélùwéè tiwa lọ sí Kánò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà kan, ó dúró sínú igbó. Ewúrẹ́ mi bímọ níbẹ̀, ọmọ náà sì ti ń fò kiri kí ọkọ̀ tó ṣí."

"Àìlajú gan-an nìyẹn, Àlàájì!"

"Àìlajú ni. Ẹ sì bojú wẹ̀yìn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Òbúkọ kan ti ti ẹnu bọ àpò kóòtù mi. Ìwé ìpè náà ló ń jẹ, pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ mi tí mo ká mọ́ ọn nínú. Mo já a gbà. Etí ìwé ló kù sí mi lọ́wọ́, kò ju èékánná lọ.

A kọjá Òkèhò tán ni táyà bẹ́. A sọ àwọn ẹran kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, òbúkọ yẹn náà sì sá wọ oko ọkà bàbà tí wọ́n ti kórè. Àlàájì ní, "Ẹ̀yin lẹsẹ̀ yín yá, ẹ bá mi mú un." Mo lé e láàárín pòròpórò títí kóòtù mi fi ya láti abíyá dé ìdí. Nígbà tí mo fà á dé, ìyá ìyàwó Àlàájì yọjú láti iwájú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, onídàńdógó."

Aago méjì ti lù nígbà tí a dé gbọ̀ngàn. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà béèrè ìwé ìpè. Mo na etí ìwé náà sí i.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Òbúkọ ló jẹ ẹ́."

Ó wo kóòtù, ó wo ìgbẹ́ ewúrẹ́ lára bàtà mi. "Ẹ̀yin elẹ́ran, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀nà yín. Ẹ má dí àwọn èèyàn lọ́nà."

Báyìí ni mo ṣe fa ewúrẹ́ kan, tí Àlàájì fa èkejì, tí a yí sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo bẹjú wolé lójú fèrèsé. Àwọn oníròyìn ẹgbẹ́ mi wà ní ìlà iwájú, wọ́n ti pa ìwé dé, wọ́n ń retí oúnjẹ. Ọ̀gá ìjọba náà ti ń parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?" Kò sí ẹni tó nawọ́. Mo rí ara mi níwájú tábìlì kan n'Ìbàdàn, mò ń kọ "Ó dìgbà ó ṣe" títí ọjọ́ ogbó.

Mo ti orí bọ inú fèrèsé. "Ọ̀gá, ìgbà wo gan-an ni iṣẹ́ rélùwéè yìí yóò bẹ̀rẹ̀?"

Ewúrẹ́ ọwọ́ mi ké lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dá bàbá elẹ́ran yẹn lóhùn. Ìbéèrè gidi ló béèrè." Ó dáhùn, èmi náà kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ìròyìn tèmi jáde: "Oníròyìn wa bi ọ̀gá náà léèrè..." Ti ìwé ìròyìn mìíràn jáde lọ́jọ́ kan náà: "Elẹ́ran kan yọrí lójú fèrèsé, ó béèrè ohun tí kò sí oníròyìn tó rántí béèrè." Olóòtú mi gé méjèèjì, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìlà kan: "Dúró sí Ṣakí. Ó hàn pé o ti ríṣẹ́ síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò fi rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: kí ènìyàn tó fi ọkọ̀ ìlú kan pẹ̀gàn ti ìlú kejì, kó kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí tibí ń gbéra.

Ní ti rélùwéè náà, ohun tí ìjọba sọ pé yóò tẹ̀ lé e ni mo kọ sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́jọ́ náà, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀: "Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ yóò dé ní kété tí òjò bá ti dá." Nínú ọyẹ́ ló ti sọ ọ́. Òjò ti dá láti bí oṣù mẹ́ta.