Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Pe Àwọn Òṣìṣẹ́ Omi

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kì í ṣe ẹjọ́ tí ààfin ń retí. Àlejò ìjọba ni wọ́n ń retí. Fèrè ọkọ̀ kan ló ń han bọ̀ lọ́nà láàárọ̀, ni gbogbo ààfin bá dìde gìrì. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n nu àga, Kábíyèsí dé adé, àwọn ìjòyè mẹ́ta tí wọn ò jókòó ìgbìmọ̀ látìgbà òjò èṣín sáré wọlé, ọ̀kan ṣì ń de bọ́tìnnì. Fèrè ń bọ̀, fèrè dé, fèrè kọjá lọ. Àṣé ọkọ̀ ilé ìwòsàn ni! Adé ti wà lórí, àga ti mọ́, ojú sì ń ti gbogbo wọn láti dìde. Kábíyèsí bá ní, "Ó dáa, ta ló lẹ́jọ́?"

Bí wọ́n ṣe pe Sìsí Gíríìsì wọlé nìyẹn.

Mẹkáníìkì ni obìnrin yìí. Èékánná rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tó lè purọ́ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi ló pè é lẹ́jọ́, wọ́n ní kí ọba ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá ọ̀hún sì rèé lẹ́yìn, ó jókòó pẹ̀lú garawa òfìfo lẹ́sẹ̀, torí pé láti ààfin, ibi tí yóò ti pọnmi ló ń lọ.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ omi ló kọ́kọ́ dìde. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kábíyèsí, obìnrin yìí ti ba ayé wa jẹ́."

"Kí ló ṣe?"

"Ó yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré ọ̀gá wa, ọkọ̀ pupa yẹn, ó fi ẹ́ńjìnnì oníná rọ́pò ẹ̀."

"Ìwọ lo lọ́kọ̀?"

"Rárá, Kábíyèsí. Ọ̀gá ló ni ín."

"Ọ̀gá ló wá fẹjọ́ sùn?"

"Ọ̀gá ò fẹjọ́ sùn o. Ọ̀gá ò ra epo mọ́, inú ẹ̀ ń dùn. Àwa là ń jìyà ẹ̀."

Kábíyèsí ti adé sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹni tó lọ́kọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ò lọ́kọ̀ ń sunkún. Ṣàlàyé ara ẹ."

"Kábíyèsí, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn, ohùn ń bẹ lẹ́nu ẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti gun orí afárá báyìí, gbogbo wa la ti gbọ́. Kó tó dé géètì, oníkálukú ti wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Àfi bí ọkọ̀ yìí ṣe wá di ológbò! Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, mo kàn ní kí n pajú dé díẹ̀. Ìgbà tí mo máa lajú, ọ̀gá ló jókòó síwájú mi. Ó ti ka ìwé ìròyìn mi tán, Kábíyèsí!"

"Ṣé iṣẹ́ ṣíṣe lo wá sọ pé ó burú?"

"Iṣẹ́ kọ́ ló burú. Ká má mọ ìgbà tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló burú."

Àwọn ìjòyè mi orí. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Bàbá kan ló jáde, òun ló ń yí irin róbótó tí omi fi ń lọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Aṣímisílẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

"Kábíyèsí, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wa. A kì í sùn níbi iṣẹ́."

Akọ̀wé fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Mo ti sọ fún wọn pé à ń sùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n? A máa ń sùn, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n oorun yẹn ò dùn mọ́. Mo máa ń ta gìrì lójú oorun ni, màá rò pé ọ̀gá ti dé."

"Irin omi ńkọ́, ta ló ń yí i?"

"Irin yẹn le, Kábíyèsí. Oòrùn sì máa ń mú níbẹ̀."

Lẹ́yìn ẹ̀ ni aṣọ́géètì. Ó gbé àyà síwájú. "Èmi ò sùn rí ní tèmi. Ojú mi là kedere lójoojúmọ́. Láti oṣù méjì tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, n kò rí ọ̀gá kó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dájú pé kì í wá síbi iṣẹ́ mọ́!"

Ọ̀gá Omi, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ tó wọ bàtà dídán, tí òun náà jókòó sáàárín èrò, ò lè mú un mọ́ra. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kí ẹ! Lánàá mo kí ẹ lẹ́ẹ̀mejì, o hanrun dá mi lóhùn!"

Ààfin rẹ́rìn-ín títí. Sìsí Gíríìsì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé òun ló kàn.

"Sìsí, kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àtọjọ́ tí ọ̀gá ti rà á, kò yọ́ kẹ́lẹ́ rí. Mo kàn bá a tún ìwà ẹ̀ ṣe ni."

Ẹ̀rín tún sọ. Kábíyèsí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí adé, ó gbé ẹ̀rín mì. "Ìyẹn ò ràn ẹ́. Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́?"

Ọ̀gá Omi ló dáhùn. "Ó kú ni, Kábíyèsí. Òun ló sọ fún mi. Ó ní kò sí ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe sí i mọ́."

"Sìsí, ṣé ó kú lóòótọ́?"

Tó bá ní ó kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ tán. Mẹkáníìkì wo ni wọn ò gbà gbọ́ tó bá ní ẹ́ńjìnnì kú? Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ń wò ó, ọwọ́ lórí orúnkún tó wú. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, kò kú. Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ."

Ọ̀gá Omi fò dìde. "Háà! O ní ó ti kú! Mo sunkún ẹ̀! Mo gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́ sí pálọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo faṣọ bò ó, mò ń nu eruku ara ẹ̀."

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí." Ó nàka sí ìyá rẹ̀. "Oṣù mẹ́ta gbáko, omi kì í yọ nílé ìyá mi ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tó máa yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ omi, akọ̀wé yìí ní páìpù ló bẹ́. Ẹ wo orúnkún wọn, Kábíyèsí. Orúnkún yẹn ni wọ́n fi ń ru omi. Lọ́jọ́ kan mo tún bíréèkì ọkọ̀ ọ̀gá ṣe, mo wà á gba orí afárá láti dán an wò. Ìgbà tí mo dé ilé ìyá mi, omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀! Mo jó. Mo rò pé wọ́n ti tún páìpù ṣe. Ọjọ́ kejì, ó gbẹ. Mo tún wa ọkọ̀ gorí afárá, omi tún yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dán an wò! Tí màmá mi bá ti gbọ́ ọkọ̀ yẹn lókèèrè, wọ́n á gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó wá yé mi pé páìpù ò bẹ́. Ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń jí wọn lójú oorun; tó bá ti lọ, wọ́n á padà sùn. Mo ní tí n ò bá gba ohùn lẹ́nu ẹ̀, ìyá mi á ru omi kú. Irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá mi, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì, omi ń yọ. Òní nìkan ni kò yọ, torí gbogbo wọn ló wá síbí wá pè mí lẹ́jọ́."

Aṣímisílẹ̀ ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá Omi rọra padà jókòó.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá wọn yangàn káàkiri pé kò sí òṣìṣẹ́ bíi tèmi."

Kábíyèsí wúkọ́. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti gbọ́ ti gbogbo yín. Akọ̀wé, báwo ni ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe máa ń dún?"

"Kábíyèsí?"

"Dún bíi tiẹ̀, mo ní."

Akọ̀wé gbé ẹnu sókè. "Hùùùmù! Hùmù-hùùùmù!"

"O mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó yá, ìdájọ́ mi rèé. N kò ní ti ṣọ́ọ̀bù Sìsí. Ṣùgbọ́n ó parọ́, nítorí náà ọwọ́ ara ẹ̀ ni yóò fi de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ orí irin láàárín ọgbà ilé iṣẹ́ omi, tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, èjìká yín lẹ máa fi gbé e láti ṣọ́ọ̀bù. Orí afárá lẹ máa gbà, lọ́sàn-án gangan, kí ẹ sì máa dún hùùùmù bọ̀, kí gbogbo ìlú gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ síbi iṣẹ́."

"Yéè! Kábíyèsí, ẹ ṣàánú wa!"

"N kò tí ì dé ibi àánú. Kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, ìyá Sìsí ni kí ẹ fún. Ọjọ́ tí omi ò bá yọ, kí ìyá lọ ṣí i, kó dún. Ìwọ Ọ̀gá Omi, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ohùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkúgbà tí o bá gbọ́ ọ láti òní lọ, mọ̀ pé ìtìjú ẹ ló ń dún."

Wọ́n hó yèè. Sìsí Gíríìsì nu ojú rẹ̀ nù, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò ara rẹ̀, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró, ó gbé garawa, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún yípo.

"Kábíyèsí, ẹ ṣé o. Ó ku ìbéèrè kan. Gọ́tà iwájú ilé wa tí mo kọ ìwé ẹ̀ sí ààfin, ọdún méjì ló pé yìí, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ńkọ́, ariwo ọkọ̀ ta ni ẹ ń dúró dè?"

Kábíyèsí yíjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀ kí wọ́n bá òun dáhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sùn lọ. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni fèrè ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti tún han bọ̀ lọ́nà. Àwọn ìjòyè ta gìrì, wọ́n tún fìlà dé, wọ́n jókòó ṣánṣán. Kábíyèsí pàápàá ti gbá adé mú kó tó rántí pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn ni.

"Mo ti gbọ́ èsì," ni ìyá wí. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ pọnmi.