Bàbá Adéwùsì Tó Ń Ṣọ́ Koríko

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Koríko tí à ń ṣí wò kì í ta gbòǹgbò"? Ẹ má wulẹ̀ mi orí sí mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó dáadáa.

Bàbá kan wà ní Òkè-Ìlasà tó ń jẹ́ Adéwùsì. Ọkùnrin yìí ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bu ọbẹ̀ fún un, á kọ́kọ́ yọjú wo ìkòkò. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á gbójú sókè wò bóyá lóòótọ́ ni ilẹ̀ mọ́.

Wàyí o, àgbàrá ń jẹ iwájú ilé rẹ̀. Ilé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni, ìpìlẹ̀ sì ti yọ síta. Bí òjò ńlá kan bá tún rọ̀ pẹ́nrẹ́n, yàrá iwájú ń lọ nìyẹn. Ni wọ́n bá júwe Mùfú fún un, ẹni tó máa ń gé koríko tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, táá ká a bí ẹní, táá wá tẹ́ ẹ síbi tí wọ́n bá fẹ́.

Àwẹ̀ró, ìyàwó bàbá, kò kọ́kọ́ gbà. Iwájú ilé tí òun ń gbá láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, tó ń dán! "Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, koríko lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ilé wa ti di ahoro ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tó tún wo ìpìlẹ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ tì.

Mùfú tẹ́ koríko tán, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Yóò dì mọ́lẹ̀ kí òjò ńlá tó dé."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí lo fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ tá ò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí bàbá ti ṣí abala kan wò. Kò sí gbòǹgbò kankan tó tíì wọlẹ̀. "Mo mọ̀!" Ó ṣí òmíràn, ó tún ṣí òmíràn, ó sì rọra dá wọn padà. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́ kí Àwẹ̀ró tó jí. Kò pẹ́ tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Hàà! Ta ló ń ṣe é? Bàbá gba ilé Làmídì aládùúgbò rẹ̀ lọ. "Ewúrẹ́ rẹ ni!"

"Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ mi wà lórí ìso."

"Ta ló so ó?"

"Èmi ni."

"Ìwọ gan-an ni mo ń wá!"

Ó padà délé, ó kọjú sí ìyàwó. "Àbí ìwọ lò ń yọ́ fi ìgbálẹ̀ gbá gbòǹgbò ẹ̀ lọ?"

Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Èmi tí mò ń pọnmi tí mo fi ń rin ín?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá da eérú yí koríko ká, kó lè rí ẹsẹ̀ olè. Ní ìdájí, ó ṣí koríko rẹ̀ wò bó ti máa ń ṣe, ó wọlé lọ bọ́jú, ó sì jáde wá wo eérú. Ipasẹ̀ kún inú rẹ̀! Ó figbe ta. Làmídì sáré dé, Àwẹ̀ró náà jáde.

"Ẹ wò ó! Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀, ìka mẹ́rin péré ló ní! Ẹ bọ́ bàtà, gbogbo yín!"

Wọ́n bọ́ bàtà. Ìka Làmídì pé, ti Àwẹ̀ró pé. Àwọn méjèèjì wá ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá, èyí tí ọkọ́ ti gé ìka kékeré rẹ̀ lóko nígbà èwe.

Bàbá náà wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí ọ̀tá ti gbọ́n tó? Ẹsẹ̀ mi ló yá lò!"

"Ẹ jọ̀ọ́," Àwẹ̀ró fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún, "ẹ jẹ́ kó sinmi. Ilé wa ló máa lọ o."

Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Bàbá gbé àga onígi rẹ̀ tó wúwo sórí koríko lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń jókòó ṣọ́ ọ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Tó bá dìde, àtiṣí koríko wò ni. Èyí tó wà lábẹ́ àga nìkan ni kò ṣí. Ó ní, ta ló máa jí ohun tí òun jókòó lé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dé. Òjò ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Àgbàrá ká koríko bí Mùfú ṣe ká a wá, ó sì gbé e lọ. Yàrá iwájú wó tẹ̀lé e, gbì! Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàbá ti sá fún òjò lọ bá Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n rí àga bàbá tó dúró digbí lórí abala koríko kan ṣoṣo, tútù yọ̀yọ̀. Bàbá gbé àga kúrò, ó fọwọ́ méjèèjì fa koríko náà. Kò mira. Làmídì bá a fà á. Kò mira.

Bàbá wo ibi tí yàrá iwájú tí bàbá rẹ̀ mọ wà tẹ́lẹ̀, omi lé sí i lójú.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, ọwọ́ yín ló pa ìyókù. Ìdí yín ló gba èyí là."

Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ. Ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣí etí ẹ̀ díẹ̀, kí n wo bí gbòǹgbò ẹ̀ ti rí…"

Kó tó nawọ́, Àwẹ̀ró ti gbé àga padà sórí koríko, ó ti fìdí lé e. Kò sì dìde níbẹ̀ títí Mùfú fi kó koríko mìíràn dé. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi í pé kí ló ń ṣe lórí àga nínú oòrùn, ohun kan náà ló sì ń fi dá wọn lóhùn: "Koríko tí à ń ṣí wò kì í ta gbòǹgbò."